Ìrìn àìlọ́nà ní òkè Brooks, Alaska: ẹni tó bá ń gbèrò rẹ̀, ẹ wá ka èyí

Àdùkẹ́_Minnesota

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí mo ti fi àwọn àwòrán ìrìn wa ní òkè Brooks, ní Alaska, síbí ni ìbéèrè ti ń wọlé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé ó sàn kí n dá gbogbo yín lóhùn lójú kan náà.

Ibi tí a rìn dé nìyí: èmi àti àwọn márùn-ún mìíràn, pẹ̀lú amọ̀nà kan àti igbákejì rẹ̀, a gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn láti abúlé Anaktuvuk Pass, a la Ernie Pass, àlàfo kan láàárín àwọn òkè, kọjá, a sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá odò Ernie Creek títí a fi dé North Fork, ẹ̀ka àríwá odò Koyukuk, níbi tí òkè Frigid Crags àti òkè Boreal ti dojú kọ ara wọn tí odò ń gba àárín wọn. Robert Marshall, tó rin agbègbè náà ní ìparí àwọn ọdún 1920, ló pe àárín òkè méjèèjì yẹn ní Gates of the Arctic. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fún ọgbà ìjọba, ilẹ̀ tí ìjọba dáàbò bò, tó yí ibẹ̀ ká, nígbà tí Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀ lọ́dún 1980.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa. Ọgbà yìí tó mílíọ̀nù 8.4 éékà, ó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lódindi lọ, kò sì sí títì kan ṣoṣo tó wọ inú rẹ̀. Ìjọba kò la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kankan síbẹ̀. Kò sí àmì lára igi tàbí òkúta, kò sí afárá, kò sí ilé ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún ọ pé ibí ni kí o pàgọ́ sí. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló sábà máa ń gbéni wọlé, òun náà ló sábà máa ń gbéni jáde. Gbogbo ohun tí o máa jẹ, tí o máa wọ̀, tí o máa fi bora, ẹ̀yìn rẹ ló wà.

Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù ni pé máìlì mélòó là ń rìn lójúmọ́. Níbẹ̀, máìlì márùn-ún sí mẹ́fà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó máa ń rin máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀, kó má fi ìyẹn ṣe ìṣirò rárá. Omi odò, ojú ọjọ́ àti irú ilẹ̀ tó wà níwájú ló ń pinnu ibi tí a máa sùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ṣe é, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè jókòó sínú àgọ́ ní gbogbo ọjọ́ nítorí pé amọ̀nà ní kí a dúró, kí ara yín sì balẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tó kù. Màá dáhùn èyí tí mo bá mọ̀.

Báyọ̀_Leeds

Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí Àdùkẹ́. Àwọn àwòrán yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ béèrè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn amọ̀nà wọ̀nyí ń gbà lórí ẹnì kan, kí a tó sọ ti bààlúù. Èmi ti ń gun òkè ní Scotland tipẹ́, mo mọ máàpù kà, mo mọ kọ́ḿpáàsì lò, GPS sì wà lọ́wọ́ mi. Mo tún kà á pé ọgbà náà kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Kí ló dé tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kò fi ní dá lọ?

Àdùkẹ́_Minnesota

Báyọ̀, kò sí ohun ìbínú níbẹ̀, àbúrò mi. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè dá lọ, àwọn kan sì ń dá lọ lọ́dọọdún. Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí wa, kí o wá fúnra rẹ wò ó.

Òjò rọ̀ ní òru kan, ó rọ̀ mọ́jú. Odò kékeré kan wà níwájú wa tó ń ṣàn wọnú Ernie Creek. Lórí máàpù, ìlà búlúù tín-ínrín lásán ni. Nígbà tí a dé etí rẹ̀ ní àárọ̀, omi náà ti pọ́n, ó ti ń ru, a sì ń gbọ́ ìró òkúta tí ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀nà wa, obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, rìn lọ sókè, ó rìn wá sísàlẹ̀, ó ń wo omi. Lẹ́yìn náà ló to òkúta mẹ́ta sí etí odò, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ó ní kí a sọ ẹrù kalẹ̀ ká pàgọ́. Ọkùnrin kan nínú wa kò fẹ́. Ó ní odò náà kò fẹ̀ ju yàrá lọ, pé òun ti la èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá. Amọ̀nà kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kó máa wo àwọn òkúta yẹn bí ó bá ń jáde láti wá mu tíì.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, omi ti bo òkúta méjì. Ní alẹ́, òjò dá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde síta, omi tí a là kọjá kò sì dé orúnkún mi.

Ṣé o rí i, GPS lè sọ ibi tí o dúró sí fún ọ. Kò lè sọ bóyá omi yẹn á gbé ọ lọ. Ọjọ́ tí a fi jókòó yẹn, oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, nítorí pé amọ̀nà ti di oúnjẹ àlékún sínú ẹrù wa ní Fairbanks, nígbà tí gbogbo wa ń kùn pé ẹrù ti wúwo jù. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú máa wá gbé wa kò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí pé ó ti fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ kí a tó gbéra. Nǹkan tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn: ìpinnu ẹni tó ti rí irú omi bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ojú kò sì tì í láti ní ká dúró.

Ohun kejì ni pé ó kọ́ wa. Láti ọjọ́ kejì lọ, ó ń yan ẹnì kan nínú wa láti mú iwájú. Onítọ̀hún á wo ilẹ̀, á wo máàpù, á sọ ibi tí òun fẹ́ kí a gbà àti ìdí rẹ̀. Bí ìdí náà bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a ó tẹ̀ lé e, kódà bí amọ̀nà bá mọ ibi tó yá jù ú lọ. Nígbà tí ìrìn náà fi máa parí, mo ń wo apá òkè láti òkèèrè, mo sì ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ á ti rí ilẹ̀ líle dúró lé.

ArìnÒkè_Fairbanks

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Fairbanks ni mò ń gbé, mo sì máa ń lọ sí òkè Brooks nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ. Àǹtí Àdùkẹ́ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Màá fi ti ilẹ̀ kún un, torí pé òun gan-an ló ń mú kí àwọn tó lágbára sunkún.

Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, yìnyín ni. Ilẹ̀ tó dì gbagidi tí kì í yọ́ láti ọdún dé ọdún. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó bá sì rọ̀ sórí rẹ̀ kò rí ibi wọ̀ lọ, nítorí náà ó kàn dúró sójú ilẹ̀. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni koríko kan tí orí rẹ̀ funfun bí òwú ti ń hù. Ó ń hù ní ìdì ìdì, ìdì kọ̀ọ̀kan ga tó ojúgun, orí rẹ̀ rìbìtì, kò dúró lójú kan. Bí o bá tẹ orí rẹ̀, ó yẹ̀. Bí o bá tẹ àárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ wọ inú omi àti ẹrẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní tussock, ó sì lè bo àfonífojì kan láti òpin dé òpin. Ibẹ̀ ni ọrùn ẹsẹ̀ ti ń rọ́, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti rẹ èèyàn.

Èkejì ni igbó willow, igi wẹ́wẹ́ ẹlẹ́ka púpọ̀. Ó máa ń hù létí odò àti ní ibi tí omi ń ṣàn gbà, ó ga ju èèyàn lọ níbòmíràn, ó sì dí tó bẹ́ẹ̀ tí o kò ní rí ẹni tó wà níwájú rẹ. Ẹ̀ka rẹ̀ á máa fa àpò ẹ̀yìn rẹ, á máa na ojú rẹ. Wákàtí kan nínú rẹ̀ lè má gbé ọ lọ ju ìdajì máìlì.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ni kó máa wá ibi tí méjèèjì kò sí. Òkúta wẹẹrẹ etí odò dára láti rìn. Ẹ̀yìn òkè gbígbẹ tí koríko rẹ̀ kúrú dára. Ipa ẹsẹ̀ àwọn káríbù, ẹranko bí àgbọ̀nrín tó ń rìn ní agbo, dára púpọ̀, nítorí pé ẹranko wọ̀nyẹn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yan ibi tó rọrùn jù, a sì máa ń rí ipa wọn lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó lọ gbọọrọ. Ó lè gba pé kí o gun òkè fún wákàtí kan kí o lè yẹra fún àfonífojì tó dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ lójú máàpù. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlà tó tọ́ gbọnrangandan láti ibí dé ọ̀hún ló máa pẹ́ jù lọ́nà.

Ẹ fi ọkàn yín sí i pé ẹsẹ̀ yín máa tutù. Ojoojúmọ́. Bàtà tí omi kì í wọ̀ kò níṣẹ́ kankan ṣe níbi tí omi ti ń gba ọrùn rẹ̀ wọlé. Bàtà tó fúyẹ́ tó sì ń tètè ro omi dànù ló dára, kí ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sì wà tí o kò ní wọ̀ àyàfi nínú àgọ́. Má fi ẹsẹ̀ lásán la odò. Òkúta ń yọ̀, omi yẹn sì tutù tó láti mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti odò fúnra rẹ̀: wá ibi tó fẹ̀ tó sì pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka, torí ibẹ̀ ni omi ti máa ń tẹ́. Tú ìgbànú àpò ẹ̀yìn rẹ kí o tó wọlé, kí o lè bọ́ ẹrù náà sílẹ̀ bí o bá ṣubú. Kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, di ọ̀pá mú, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o máa gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí omi bá le, kí ẹni mẹ́ta di ẹrù ara wọn mú kí wọ́n jọ rìn. Má so okùn mọ́ ara rẹ láé.

Ìyá_Tolú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Èmi kò ní lọ o, àmọ́ ọmọ mi ọkùnrin ní Anchorage ti ń sọ ọ́. Béárì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rẹ̀, òun gan-an ni mo sì wá síbí láti kà nípa rẹ̀.

ArìnÒkè_Fairbanks

Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Béárì wà níbẹ̀, béárì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní grizzly, àti dúdú náà níbi tí igi bá wà ní apá gúúsù. Oúnjẹ kò pọ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ yẹn, nítorí náà wọ́n jìnnà síra wọn, èèyàn sì lè rìn ín títí kó parí láìrí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n a kì í rìn bíi pé wọn kò sí.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe báyìí, mà. Kó má dá nìkan rìn. Bí wọ́n bá wọ igbó willow, kí wọ́n máa pariwo, kí wọ́n máa kọrin, torí ẹranko tí a kò bá lójijì kì í sábà bá wa jà. Oúnjẹ, ọṣẹ, ìpara, gbogbo ohun tó bá ń rùn, inú agolo ike líle tí béárì kò lè ṣí ni kó wà. Ọgbà náà pa á láṣẹ, wọ́n sì máa ń yá arìnrìnàjò ní agolo náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n dáná jìnnà sí àgọ́, ó kéré tán ọgọ́rùn-ún mítà, kí afẹ́fẹ́ má sì máa gbé òórùn oúnjẹ lọ síbi tí wọ́n sùn sí. Kí ata tí a ń fín béárì lójú wà ní ìbàdí rẹ̀, kó má di í sínú ẹrù. Bí béárì bá yọ, kó dúró, kó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, kó máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Kó má sáré.

Ẹ sọ fún un pé kò lè gbé ata yẹn wọ bààlúù ńlá, ì báà jẹ́ nínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Gáàsì sítóòfù náà bẹ́ẹ̀. Fairbanks ni kó ti rà wọ́n, kó sì sọ fún awakọ̀ òfuurufú kékeré náà pé òun gbé wọn dání, kí ó lè mọ ibi tó máa fi wọ́n sí.

Ní tòótọ́, mà, omi odò àti òtútù ń bà mí lẹ́rù ju béárì lọ. Òtútù tó ń pani kò nílò yìnyín. Òjò, afẹ́fẹ́ àti aṣọ tó rin gbindin ti tó.

Ìyá_Tolú

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo ti kọ ti ata àti gáàsì sílẹ̀.

Alfa_Ìsẹ́yìn

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ń ka èyí láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ ní àsìkò kan. Báwo ni Mùsùlùmí tó bá bá wọn lọ ṣe ń ki ìrun Màgíríbì àti Íṣáì? Àwẹ̀ ńkọ́?

Sàláwù_Toronto

Wa alaykumu salaam, Alfa wa. Mo ti bá ẹgbẹ́ kan lọ ní oṣù kẹfà. Òótọ́ ni, láàárín oṣù kẹfà oòrùn kàn ń yí ká lókè ni, kì í rì. Àwọn àlùfáà kan ní kí a lo àkókò ìlú tó súnmọ́ wa jù tí ọ̀sán àti òru rẹ̀ ṣì yàtọ̀ síra, àwọn mìíràn ní kí a lo ti Mẹ́kà. Mo bi ìmáàmù mọ́sálásí wa kí n tó kúrò nílé, ó fún mi ní èyí tí màá tẹ̀ lé, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo fi sápò. Onírìn-àjò ni wá, nítorí náà mo dín ìrun olópòó mẹ́rin kù sí méjì, mo sì pa Súhúrì pọ̀ mọ́ Ásárì. Aago ọwọ́ ni mò ń wò. Kọ́ḿpáàsì ni mo fi wá kíbúlà. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá gan-an ní apá ibẹ̀, ó ń yẹ̀ sí ìlà-oòrùn dáadáa, a sì gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe fún ìyẹn kí a tó gba ohun tó sọ gbọ́.

Bí ẹ bá lọ ní ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ń wọ̀, òkùnkùn sì ń ṣú, ìṣòro yẹn kò sí mọ́. Àwọn amọ̀nà wa bọ̀wọ̀ fún un. Bí mo bá ní kí a dúró díẹ̀, wọ́n á dúró. Mo sọ fún wọn kí a tó gbéra, n kò dúró di ìgbà tí a dé orí òkè.

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ṣakí

Mo kí gbogbo yín. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, èmi náà ń dáko. Ẹ má bínú, àmọ́ ó ń dùn mí láti gbọ́ pé ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ wa lọ wà lásán, tí ẹnì kankan kò gbé ibẹ̀, tí wọ́n kàn ń lọ wò ó.

Àdùkẹ́_Minnesota

Ọmọ Àgbẹ̀, mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Ilẹ̀ yẹn kò sí lásán, èèyàn ló ni ín.

Anaktuvuk Pass tí a ti gbéra, abúlé àwọn Nunamiut ni, àwọn Iñupiat, ẹ̀yà ìbílẹ̀ àríwá Alaska, tí wọ́n ń gbé àárín òkè tí wọn kì í ṣe ará etí òkun. Àwọn baba ńlá wọn ti ń tẹ̀ lé káríbù káàkiri ilẹ̀ yẹn láti ìgbà láéláé. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni àwọn ìdílé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sójú kan níbẹ̀. Inú ọgbà náà gan-an ni abúlé wọn wà, òfin ọdún 1980 tó dá ọgbà sílẹ̀ sì fi ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja pípa sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé agbègbè náà. Káríbù ni ẹran tó ń bọ́ wọn títí dòní. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà lábúlé náà, tí wọ́n fi orúkọ Simon Paneak sọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn. Amọ̀nà wa mú wa wọ ibẹ̀ kí a tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òkè, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi awọ káríbù rán aṣọ àti àgọ́ kò ní pe ilẹ̀ yẹn ní aṣálẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ tó yí abúlé náà ká, tiwọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba. A gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí a lè pàgọ́ sí. Bí agbo káríbù bá sì ń bọ̀, a kì í dí wọn lọ́nà, pàápàá àwọn tó ṣáájú. Bí a bá lé àwọn wọ̀nyẹn yà, àwọn tó kù lè yà tẹ̀ lé wọn, ìdílé kan lè pàdánù ẹran tó yẹ kó jẹ nígbà òtútù nítorí pé àlejò fẹ́ ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi, torí mo gbọ́ bí àwọn arìnrìnàjò kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ bíi pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ṣakí

Ó yé mi báyìí. Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rọ̀ káríbù tó ṣáájú yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.

Kẹ́mi_Peckham

Àǹtí, ìbéèrè obìnrin ni tèmi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nǹkan oṣù, àti oúnjẹ. Ṣé èèyàn lè gbé oúnjẹ ilé wa dání?

Àdùkẹ́_Minnesota

Kẹ́mi, kò sí ìtìjú níbẹ̀. A máa ń gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìka ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó kéré tán ọgọ́ta mítà sí omi, a ó bò ó padà. Bébà kì í tètè jẹrà ní ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ń kó o sínú ọ̀rá, a sì ń gbé e padà wálé. Ohun tí a bá lò fún nǹkan oṣù bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ọ̀rá méjì, kó sì wọ inú agolo béárì mọ́jú. Ibi tí kò ti sí igi, sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa wo apá kejì. Gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa.

Oúnjẹ ilé ńkọ́? Gaàrí, àní gaàrí! Kò wúwo jù, omi gbígbóná lásán ló ń fẹ́, gáàsì kékeré ló sì ń jẹ. Mo lọ ata gbígbẹ, edé gbígbẹ àti ẹ̀gúsí pọ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké, mo ń dà á sínú omi gbígbóná ní ìrọ̀lẹ́. Kúlíkúlí wà nínú àpò mi fún ọ̀sán. Amọ̀nà ló máa ń dáná fún gbogbo ẹgbẹ́, àmọ́ bí o bá sọ fún un ṣáájú, á yọ ìwọ̀n tìrẹ kúrò. Má gbé ẹja yíyan o, òórùn rẹ̀ pọ̀ jù.

Sàláwù_Toronto

Kẹ́mi, fi àwọ̀n ìbòrí kún un bí o bá ń lọ láàárín ìparí oṣù kẹfà sí oṣù keje. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í fa ibà, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti mú kí èèyàn má lè jẹun níta. Oṣù kẹjọ sàn jù ní ti ẹ̀fọn, èso blueberry á ti pọ́n, koríko ilẹ̀ á ti pupa, àmọ́ òjò pọ̀ nígbà yẹn, yìnyín sì lè bọ́ nígbàkúgbà.

Báyọ̀_Leeds

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti òkúta mẹ́ta etí odò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbà, ní ti ìgbà àkọ́kọ́, màá bá amọ̀nà lọ. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dára? Gbogbo wọn ló ní àwòrán tó rẹwà lójú ìwé wọn.

ArìnÒkè_Fairbanks

Bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ ọgbà láti máa kó èèyàn wọlé gba owó. Ìyẹn pọn dandan fún amọ̀nà bí kò tilẹ̀ pọn dandan fún ìwọ. Bi í nípa ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì nínú igbó tó ṣe àti ìgbà tó ṣe é. Bi í nípa ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó ń gbé dání, torí fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Kí o wá ní kó sọ fún ọ nípa ìgbà tó yí ẹgbẹ́ padà tàbí tó ní kí wọ́n dúró. Bí ó bá ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, wá ẹlòmíràn.

Tún bi í bóyá wọ́n máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn lórí koríko. Amọ̀nà gidi á ní kí ẹ fọ́n ká, kí ẹsẹ̀ ẹni mẹ́jọ má baà tẹ ojú kan náà. Kò pẹ́ rárá kí ipa ẹsẹ̀ tó di ọ̀nà lórí ilẹ̀ yẹn, ó sì ń pẹ́ gan-an kó tó san.

Báyọ̀_Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn méjì. Ẹrù ńkọ́, báwo ni ó ṣe máa wúwo tó?

Àdùkẹ́_Minnesota

Múra sílẹ̀ fún kìlógíráàmù ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé oúnjẹ ẹgbẹ́ àti àgọ́ ni wọ́n máa pín fún gbogbo yín. Bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gun òkè tó wà nítòsí rẹ láti ìsinsìnyí, kí o sì yà kúrò lójú ọ̀nà, kí o máa rìn nínú koríko àti ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣe pàtàkì: má ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà sí Leeds fún ọjọ́ kejì tí ìrìn bá parí. Kùrukùru lè dí ẹnu àfonífojì, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kò sì ní gbéra títí tó fi máa ká. Fi bí ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ ní Fairbanks. Bí amọ̀nà bá ti dá ọ lóhùn, fi ohun tó sọ síbí, ká jọ wò ó.